Ṣé Kẹ̀kẹ́ Ti Wọlé?

Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n yáa jẹ́wọ́: mo fẹ́ràn irin. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ mi fẹ́ràn góòlù, wọ́n fẹ́ràn léèsì, èmi ń bá kẹ̀kẹ́ ológeere kiri. Kì í ṣe Màrúwá tó ń gbé èrò o. Ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni mò ń wí, èyí tí à ń fi ẹsẹ̀ wà. Kì í sì í ṣe gbogbo ẹ̀ náà. Àwọn tuntun tó ń dán yinrin, tó jẹ́ pé òjò kan péré ló máa mú kí wọ́n dípẹtà, ẹ gbé wọn kúrò lọ́dọ̀ mi. Irin àtijọ́ ni tèmi, èyí tó tín-ín-rín tó sì fúyẹ́, tẹ́ ẹ bá fi èékánná ta á, á dún bí abọ́ tánganran.

Ká sòótọ́, tèmi yẹn kì í tilẹ̀ ṣe tèmi. Bàbá mi ló ni ín. Jàpáànì ni wọ́n ti ṣe é, àti fírémù rẹ̀ aláwọ̀ ewé, àti gíà, àti bíréèkì. Tòkunbọ̀ ni Bàbá mi rà á nígbà tí wọ́n ń ṣe mẹ́séńjà ní ilé iṣẹ́ kan ní Marina, òun ni wọ́n sì fi ń pín lẹ́tà títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Nínú agbo ilé wa n'Ísàlẹ̀ Èkó, kò sí ẹni tí kò tíì gbọ́ ìfọ́nnu wọn rí: "Láti ìgbà tí mo ti ń gun kẹ̀kẹ́, mi ò ṣubú rí!" Ìyá mi, kí Ọlọ́run forí jìn wọ́n, a máa bá wọn parí rẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́ tán.

Láti ìgbà tí mo ti dàgbà tó láti gùn ún, ohun méjì ló ń bí mi nínú. Èkíní ni òfin: "Má kọjá Tinúbú." Mo lè gùn ún dé Tinúbú, kí n yípo ibẹ̀ ní ìgbà ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n mi ò gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀ lọ sí ìhà Láfíàjí. Èkejì burú jù. Bí mo bá ti jáde, tí ilẹ̀ bá ti ń lọ sí ìrọ̀lẹ́, Bàbá mi á ké láti inú yàrá wọn: "Ṣé kẹ̀kẹ́ ti wọlé?" Kẹ̀kẹ́ o! Kì í ṣe "Ọmọ mi dà?" Mo dá wọn lóhùn lọ́jọ́ kan pé, "Kẹ̀kẹ́ ti wọlé, èmi ló kù níta." Wọ́n pòṣé. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn, kí n má parọ́.

Síbẹ̀, mo fẹ́ràn kẹ̀kẹ́ yẹn. Mo ti lé ní ogójì ọdún báyìí, bí wọ́n bá ní wọ́n ń tú ẹrù tòkunbọ̀ níbì kan, ẹsẹ̀ mi kì í gbélé. Inú àpò kan tí bàtà àlòkù àti áyọ́ọ̀nù kún ni mo ti rí ọwọ́ gíà ẹ̀yìn kan, èyí tó ń ti ṣéènì láti eyín kan bọ́ sí òmíràn. Ara rẹ̀ dúdú fún gírísì. Mo fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ̀ ọ́ ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ kan, orúkọ Jàpáànì sì yọ lára rẹ̀ kedere. Nọ́ọ̀tù kan wà lára rẹ̀ tí kò tóbi ju hóró ìrẹsì lọ, ó ṣì ń yí! Mo dè é mọ́ kẹ̀kẹ́ Bàbá mi, mo fa gíà, ó dún "tá!", ó wọ àyè rẹ̀. Àbúrò mi obìnrin tó ń wò mí ní, "Ìwọ yìí, o ń wẹ irin bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun." Mo ní kó bá tiẹ̀ lọ.

Lọ́dún tó kọjá, nǹkan funfun bo ẹyinjú Bàbá mi méjèèjì. Wọn ò dá mi mọ̀ mọ́ àfi bí mo bá fọhùn. Ẹ̀rù iṣẹ́ abẹ bà wá, ṣùgbọ́n dókítà ṣe é, Ọlọ́run sì jẹ́ kó yọrí sí rere. Ilé àbúrò mi níhà Mainland ni wọ́n ti sinmi, torí èéfín ìdáná pọ̀ lágbo ilé wa. Wọ́n pè mí lórí fóònù: "Mo máa dé lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun. Kẹ̀kẹ́ mi ni mo kọ́kọ́ fẹ́ fojú rí. Nù ún dáadáa o."

Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n sọ bẹ́ẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, mo gun kẹ̀kẹ́ jáde. Báńkì ti tì, Tinúbú pa rọ́rọ́, ọ̀nà lọ gbọọrọ níwájú mi. Mo ronú pé ẹja gbígbẹ ni màá fi se ọbẹ̀ de Bàbá mi, ibi tí ẹja dáa sí ni ọjà Sandgrouse. Àgbàlagbà bíi tèmi, ta ló ń fòfin dè? Mo kọjá Tinúbú. Mo ra ẹja, ó sì dùn mọ́ mi débi tí mo fi rọra gba Láfíàjí kọjá. Ibẹ̀ ni mo ti kó sí kòtò kan. Mo gbọ́ "kẹ́!" lábẹ́ ìdí mi. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ wò ó. Lábẹ́ ìjókòó, níbi tí àwọn ọ̀pá ti pàdé, fírémù ti sán.

Yéè! Mo gbé! Irin tí Bàbá mi fi tọ́ wa, tí wọn ò fi ṣubú rí, ọwọ́ mi ló bàjẹ́ sí. Tí wọ́n bá sì máa fi ojú tuntun wo nǹkan kan láyé, òun náà ni.

Mo tì í dé ọ̀dọ̀ wẹ́dà kan tó ń jó irin nítòsí. Ó ti ń wá iná mànàmáná rẹ̀. "Mádàámú, ìṣẹ́jú márùn-ún." Mo ní rárá, irin yìí tín-ín-rín, iná yẹn máa dá a lu ni. Ó ní, "Irin ni irin ń jẹ́ o jàre." Mo ní, "Kànìnkànìn ni kànìnkànìn ń jẹ́, kí ló dé tó ò fi onírin fọ ojú ẹ?" Mo ti kẹ̀kẹ́ mi lọ. Inú ń bí mi, ẹ̀rù sì ń bà mí.

Idẹ ni wọ́n fi ń so irú irin bẹ́ẹ̀, iná gáàsì ni wọ́n sì fi ń yọ́ idẹ. Ta ló tún ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn? Ọjọ́ méjì ni mo fi ronú. Lọ́jọ́ Túsìdeè, mò ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù bàbá kan ará Ìjẹ̀ṣà tó ń tún fìríìjì ṣe ládùúgbò wa, mo rí wọn tí wọ́n ń so páìpù pẹ̀lú iná búlúù kékeré. Mo dúró gbagidi.

"Bàbá, ẹ bá mi so kẹ̀kẹ́."

"Mo jọ oníkẹ̀kẹ́ lójú ẹ?"

"Páìpù náà ni, Bàbá. Atẹ́gùn ló wà nínú tèmi, gáàsì ló wà nínú tiyín."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n tú gbogbo ara rẹ̀ sílẹ̀, kí iná má bàa ràn án. Mo tú ṣéènì, gíà àti bíréèkì, mo tẹ́ wọn sórí ìwé ìròyìn bí ẹni pàtẹ. Bàbá onífìríìjì fi bébà oníyanrìn ha ọ̀dà kúrò lójú ibi tó sán, wọ́n sì dúró. "Ẹnìkan ti ṣáájú mi débí," wọ́n ní. Lóòótọ́, idẹ àtijọ́ wà níbẹ̀, ó pọ́n rúsúrúsú, ó rí jágajàga.

Háà! Ara tù mí díẹ̀. Ará Jàpáànì tó kọ́kọ́ ni ín ló ti fọ́ ọ, ẹ ò rí nǹkan! Mo ti ń to ọ̀rọ̀ tí màá fi dá ará ọ̀hún lẹ́bi fún Bàbá mi. Bàbá onífìríìjì tan iná. Irin pọ́n, idẹ yọ́, ó sì ń yí ojú sísán náà ká bí òróró nínú abọ́ gbígbóná. Mi ò mí títí wọ́n fi pa iná. Nígbà tó tutù, wọ́n fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́, wọ́n ní, "Gbé e lọ. Ibòmíràn ló máa kọ́kọ́ ṣẹ́." Mo fẹ́ẹ̀ dì mọ́ wọn. Mo wá ọ̀dà aláwọ̀ ewé kùn ún, mo fi èyí tí àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin fi ń kun èékánná lé e lórí kó lè bá ara mu.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Bàbá mi dé. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wo ògiri. "Ògiri yìí dọ̀tí tó báyìí, ẹ ò sì sọ fún mi!" Wọ́n wò mí lójú. "Ìwọ náà ti ń hu ewú." Mo ní kí wọ́n má dá mi lóró. Àbúrò mi gbé ẹrù wọlé, ó ku èmi àti Bàbá mi.

"Kẹ̀kẹ́ mi dà?"

Mo gbé e bọ́ síta gbangba. Wọ́n wò ó títí, ojú wọn ń ṣomi. Lẹ́yìn náà, wọ́n na àtàńpàkò wọn lọ sí abẹ́ ìjókòó. Wọn ò wá ibẹ̀ rárá, tààrà ni.

"Ta ló ṣe é?"

"Ṣe kí ni, Bàámi?"

"Má fi mí ṣeré o. Ojú mi ti là."

Ará Jàpáànì tí mo tọ́jú ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fò lọ lórí mi. Mo kúnlẹ̀. "Ẹ forí jì mí. Mo kọjá Tinúbú, mo kó sí kòtò, ó sán."

Wọ́n ṣì ń fọwọ́ pa á. "Ọwọ́ onítọ̀hún dáa," wọ́n ní. "Ó dáa ju ti ẹni tó bá mi ṣe é nígbà yẹn lọ."

Mo gbójú sókè. "Nígbà wo, Bàámi?"

Wọ́n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti já bọ́. Wọ́n jókòó sórí àga, wọ́n ṣí fìlà.

"Ọmọ ọdún mẹ́rin ni ẹ́. Orí ọ̀pá iwájú ni mo gbé ẹ kà. À ń lọ sí Láfíàjí, mo rí àwọn ọ̀rẹ́ mi, mo fi ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀ kí wọ́n lè rí mi. Gọ́tà ló gbà wá. Orí ikùn mi lo já lé. O ń rẹ́rìn-ín, o ní ká tún un ṣe. Èmi ò lè dìde." Wọ́n nu ojú. "Mo sọ fún ìyá ẹ pé balùwẹ̀ ni mo ti yọ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ jẹ́ kí n máa gùn ún?"

"Ta ló lè dá ẹ dúró? Bí mo bá kọ̀, ìyá ẹ á bi mí nídìí. Bó o bá ti jáde, oúnjẹ kì í gba ọ̀fun mi lọ. Bí mo bá sì ké pé ọmọ mi dà, á fura pé nǹkan kan ń bà mí lẹ́rù. Ni mo ṣe ń béèrè kẹ̀kẹ́."

Inú kọ́kọ́ bí mi. Gbogbo ọdún tí mo fi ń bá irin jowú! Ìgbà tó yá, ẹ̀rín gbà mí, n kò lè dáwọ́ rẹ̀ dúró, omi ń bọ́ lójú mi, Bàbá mi náà ń rín. Àbúrò mi sáré jáde, ó ní kí ló dé. A ní kò sí.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo gùn ún dé Láfíàjí, mo sì padà. Bàbá mi wà lórí àga lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n rí mi láti òkèèrè.

"O ti dé," wọ́n ní. Wọn ò béèrè kẹ̀kẹ́.