Ẹni Ẹ̀sìn, Ẹni Ẹ̀sín

Àkànní, ọmọ a-sá-láfún-sórí-àpáta, ọmọ a-fẹ̀gẹ́-ṣàlejò-kálejò-má-fẹ́-lọ, ọkọ mi. Oko ni wọ́n bí i sí, nílé àwọn tó ń bọ Ògún. Nítorí kí bàbá mi tó ń ta aṣọ n'Íjẹmọ̀ lè fi mí fún un ló ṣe gba Ìsìláàmù. Nígbà tó yá, ẹ̀sìn náà mú un lọ́kàn ju èmi tí wọ́n bí sínú ẹ̀ lọ. Ohun kan ṣoṣo ló ń fẹ́: kí wọ́n kà á mọ́ jàmáà. Ìyá mi tiẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ: "Ẹni ẹ̀sìn."

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, ọdún táwọn sójà tún gba ìjọba, lémọ́ọ̀mù ka Fátíhà tán. Gbogbo èèyàn ní "Àmín." Ọkọ mi, tí ẹnu oko ò tíì kúrò lẹ́nu ẹ̀, figbe ta: "Àṣẹ o!"

Ìrun náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bàjẹ́ fún ẹ̀rín.

Bó ṣe jáde báyìí, télọ̀ kan tó mọ ìnagijẹ tí ìyá mi sọ ọ́ gbé ohùn ẹ̀ sókè: "Ẹni ẹ̀sín wa, ẹ kú ìrun o! Ṣé Ògún gbà á?" Mo mọ orúkọ télọ̀ náà àti tìyá ẹ̀, n ò ní í dárúkọ wọn.

Bí orúkọ náà ṣe mọ́ ọn lára nìyẹn, láti Ìjẹmọ̀ títí dé Láfẹ́nwá. Tí mo bá bínú, wọ́n á ní, "Ìyàwó, kí la sọ? Ẹni ẹ̀sìn náà la kúkú pè é!" Èébú ní èsì. Ẹ̀sín ò ní. Èsì tó o bá fọ̀ ni wọ́n á tún fi rẹ́rìn-ín.

Ọkọ mi ò yéé lọ sí mọ́ṣáláṣí. Ẹ̀yìn pátápátá, lẹ́bàá bàtà, ló ń kírun sí. Kò ṣàmín mọ́, kò ṣàṣẹ.

Ìgbà tó kú, àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ gbé mọ́tò wá láti oko. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi í ṣẹ̀sín láàyè, kí lẹ fẹ́ fòkú ẹ̀ ṣe?"

Mo sáré lọ kúnlẹ̀ fún lémọ́ọ̀mù. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé e. Ẹ bá mi kírun sí i lára."

Ó mi orí. "Ọmọ mi, a ò ní í torí òkú jà. Jẹ́ kí wọ́n gbé èèyàn wọn."

Èèyàn wọn.

Ọjọ́ Àlàmísì ni wọ́n sin ín sí oko, Jímọ̀ ku ọ̀la.