Oúnjẹ Tí Akínṣọlá Ń Jẹ Lóde

Láyé ìgbà náà ní Ìkirè, ìsọmọlórúkọ tàbí ìgbéyàwó tí wọn ò bá pe Akínṣọlá oní-fọ́tò sí, a jẹ́ pé onínàáwó náà ò fẹ́ kí ayé gbọ́ nípa rẹ̀ ni. Ẹ̀bá ọ̀nà tó lọ sí Ifẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, àwòrán àwọn ọkọ àti ìyàwó tuntun ló sì kún ojú fèrèsé rẹ̀. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Kì í pariwo mọ́ ẹni tó ń yà. Bí ọmọdé bá ń sunkún, á dúró títí omijé á fi gbẹ lójú rẹ̀. Ìdí nìyẹn táwọn ará Àpòmù àti Ìkòyí fi máa ń wá a wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ní oní-fọ́tò tiwọn.

Wọ́n tún mọ̀ ọ́n sí ẹni tó lè jẹun. Kì í ṣe pé ó lọ́kánjúwà, iṣẹ́ rẹ̀ ló fà á. Bó bá dé ilé onínàáwó láàárọ̀, wọ́n á gbé iyán kalẹ̀ fún un kó tó yọ kámẹ́rà jáde nínú àpò. Bí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ìrẹsì á tún dé pẹ̀lú mínírà ìgò méjì. Bó bá sì ń lọ, ìyálé á di mọ́ínmọ́ín àti ẹran sínú láílọ́ọ̀nù lé e lọ́wọ́. Sátidé mìíràn wà tó máa ń dé ilé mẹ́ta, tá sì jẹun ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí ilé tí kò bá ti jẹun ni wọ́n á ti sọ pé ó fojú di àwọn. Kó tó délé, á tún ra dòdò lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á fún ọlọ́kọ̀, èyí tó pọ́n tó dúdú, tó ń dùn bí oyin.

Ọdún 1987 ni nǹkan yí padà. Ó ya fọ́tò ìgbéyàwó Olúrótìmí, ọ̀kan nínú àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó fọ fíìmù náà tán, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ìdajì rẹ̀ ló ṣe bàìbàì. Ojú ìyàwó dà bí ohun tí èéfín bò. Ó bẹ ọkọ ìyàwó títí, ó sì gbé kámẹ́rà lọ sí Ìbàdàn lọ́dọ̀ bàbá kan tó ń tún un ṣe. Bàbá náà tú u, ó nu gbogbo inú rẹ̀, ó dì í padà, ó gbé e lé ojú, ó sì mi orí.

Ó ní, "Kò sí ohun tó ṣe kámẹ́rà yìí. Lọ jẹ́ kí wọ́n yẹ ojú rẹ wò."

Inú ọkọ̀ tó ń gbé e bọ̀ wálé ni Akínṣọlá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ro nǹkan pọ̀. Ó ti pẹ́ tí òùngbẹ ti ń gbẹ ẹ́ bí ẹni tó jẹ iyọ̀. Ó ń tọ̀ ní àtọ̀ìdákẹ́. Jemima, ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ olùkọ́, ti sọ fún un lẹ́ẹ̀mejì pé èèrà ń ṣù bo ibi tí wọ́n ń tọ̀ sí lẹ́yìn ilé, ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ ni Akínṣọlá fi í ṣe. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, tọkọtaya náà lọ sí ọsibítù. Àtọ̀gbẹ ni dókítà pè é.

Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Bùsáyọ̀ ló mú wọn jókòó tó ṣàlàyé. Ó ní kì í ṣe pé kí ó má jẹun mọ́ o. Kí òkèlè kéré, kí ẹ̀fọ́ pọ̀, kí ó fi mínírà àti ohun dídùn sílẹ̀. Ó mú oògùn oníhóró tí dókítà kọ fún Akínṣọlá dání, ó sì sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì pé bó bá ti lò ó, ó gbọ́dọ̀ jẹun lé e. Jemima kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Ní ti Akínṣọlá, ìtìjú ni kò jẹ́ kó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà délẹ̀. Bí wọ́n ṣe jáde síta ló bẹ ìyàwó rẹ̀ pé kó má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́.

Ó ní, "Ta ló máa pe oní-fọ́tò tó lárùn tó ń ba ojú jẹ́?"

Nínú ilé, nǹkan rọrùn. Jemima dín ẹ̀bà kù, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ wá pọ̀ lórí tábìlì wọn, nígbà tó sì tó bí oṣù méjì, ojú Akínṣọlá ti ń ríran kedere padà. Òde ni wàhálà wà. Ó pinnu pé òun ò ní jẹ ohunkóhun nílé onínàáwó mọ́. Lónìí á ní òun ń gbààwẹ̀, lọ́la á ní inú ń run òun, lọ́túnla á ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán ni. Kò pẹ́ tí àwọn ènìyàn fi ń sọ̀rọ̀. Àwọn kan ní ó ti ń gbéraga, àwọn mìíràn ní ó ti lọ dara pọ̀ mọ́ ìjọ kan tí wọn kì í jẹ oúnjẹ ẹlẹ́ṣẹ̀.

Nígbà tó di oṣù kọkànlá ọdún 1988, Màmá Adépọ̀jù ṣe ìdúpẹ́ ọgọ́rin ọdún ní Àpòmù. Màmá yìí ló kọ́kọ́ gbéṣẹ́ fún Akínṣọlá nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fúrídọ̀ọ̀mù, kò sì sí ìnáwó kan nílé wọn látìgbà náà tí kì í ṣe òun ló yà á. Lọ́jọ́ náà, ó lo oògùn rẹ̀ láàárọ̀ kùtù, ó mu omi, ó sì wọ ọkọ̀ láìjẹun, ó ní òun á jẹun bóun bá padà délé.

Màmá fúnra rẹ̀ ló gbé iyán àti ẹ̀gúsí wá síwájú rẹ̀. Akínṣọlá dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́, ó ní ààwẹ̀ lòun ń gbà.

Màmá ní, "Ààwẹ̀ wo lo ń gbà lọ́jọ́ ìdúpẹ́ mi?" Ọ̀rọ̀ ààlà oko kòkó kan ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn ìbátan Akínṣọlá àti ìdílé Màmá lọ́dún tó kọjá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti parí rẹ̀. Màmá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣọlá, ṣé oúnjẹ mi lo wá ń bẹ̀rù?"

Akínṣọlá ní rárá o. Màmá gbé àwo náà padà pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀, kò sì pe ọmọ kankan kó wá gbà á. Ká ní ó bú u ni, ìyẹn ìbá sàn fún un.

Nígbà tó di nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, wọ́n to gbogbo ẹbí jọ níwájú ilé fún fọ́tò ńlá. Oòrùn ń mú. Akínṣọlá gbé kámẹ́rà sójú, ó rí i pé ọwọ́ òun ń gbọ̀n. Òógùn tutù bò ó. Ó ní kí àwọn tó wà lẹ́yìn sún mọ́ra, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò já geere lẹ́nu rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ yàwòrán láti ìsàlẹ̀, kò sì lè dìde mọ́. Ó wá dùbúlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi apá méjèèjì gbá kámẹ́rà mọ́ àyà.

Jọkẹ́, ọmọ Màmá tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ìbàdàn, ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó bi í bóyá ó ń lo oògùn kan. Akínṣọlá wo àwọn ènìyàn tó yí i ká, ó sì sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

"Àtọ̀gbẹ ni. N kò tíì jẹun látàárọ̀."

Jọkẹ́ ṣí mínírà, ó ń fi í sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Ohun tó yẹ kó sá fún gan-an ni wọ́n fi ń dá ẹ̀mí rẹ̀ padà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, nítorí oògùn ti fa ṣúgà ara rẹ̀ wálẹ̀ jù. Nígbà tí ojú rẹ̀ là, wọ́n gbé e wọ iyàrá Màmá. Màmá jókòó tì í, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ.

Ó ní, "O ò sì sọ fún mi."

"Ojú ló ń tì mí, Màmá. Ẹ má bínú."

"Ìtìjú rẹ ló fẹ́ pa ọ́ yìí, Ṣọlá. Kì í ṣe iyán mi."

Màmá dìde, ó lọ sí ilé ìdáná. Nígbà tó padà dé, iyán tó wà nínú àwo kò ju ìkúùkù ọmọdé lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́ rírò kún àwo kejì dẹ́nu, orí ẹja gbígbẹ ńlá kan sì yọ láàárín rẹ̀. Akínṣọlá jẹ ẹ́ tán. Lẹ́yìn wákàtí kan, ó jáde lọ ya fọ́tò ẹbí náà, ọwọ́ rẹ̀ kò sì gbọ̀n mọ́.

Kó tó padà dé Ìkirè, ìròyìn ti ṣáájú rẹ̀ délé. Ohun tó ń bẹ̀rù ṣẹlẹ̀ díẹ̀: ìdílé méjì gba iṣẹ́ wọn lọ́wọ́ rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n kò ronú kan ohun kejì rárá. Àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á ṣe bí ẹni tó fẹ́ ya páásípọ́ọ̀tù, wọ́n á wá rọra bi í léèrè ọ̀rọ̀ èèrà àti òùngbẹ. Sàídì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń tún rédíò ṣe, wà lára wọn. Akínṣọlá fúnra rẹ̀ ló mú un lọ bá Bùsáyọ̀ lọ́sibítù.

Látìgbà náà, kì í jáde nílé lébi mọ́. Á jẹ ẹ̀wà díẹ̀ kó tó wọ ọkọ̀, tó bá sì dé òde, á lọ bá àwọn tó ń bu oúnjẹ kó tó di pé wọ́n bù ú tán, á sì sọ ohun tó fẹ́: ìrẹsì ṣíbí mẹ́ta, ẹ̀fọ́ tí wọ́n bá ní, ẹja dípò ẹran ọlọ́ràá. Omi ló ń béèrè. Bí onínàáwó bá fi mínírà kún un, á gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, á dúpẹ́, á sì gbé e fún ẹni tó bá jókòó tì í. Kò sẹ́ni tó bínú sí i. Wọ́n rí i pé ó jókòó, ó sì jẹ lára oúnjẹ wọn, ìyẹn náà ni wọ́n ń fẹ́.

Kì í ṣe pé kò ṣàṣìṣe rí. Lákòókò Kérésì ọdún 1990, ó lọ káàkiri ilé márùn-ún, ó ní ọdún lọdún ń jẹ́, ó sì jẹ dòdò bíi ti àtijọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ló lò lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Bùsáyọ̀ kò bá a wí. Ó kàn bi í pé ilé wo ló ti rẹ̀ ẹ́ láti sọ pé ó tó. Akínṣọlá rò ó, ó ní ilé kẹta ni. Bùsáyọ̀ ní tó bá di ọdún tó ń bọ̀, kó kí wọn ní ilé kẹta, kó sì máa lọ sílé rẹ̀. Ohun tó ń ṣe nìyẹn lọ́dọọdún lẹ́yìn náà.

Nígbà tí Adéfúnkẹ́ ọmọ rẹ̀ ń ṣègbéyàwó lọ́dún 1995, Akínṣọlá sọ fún Sàfúrátù, tó ń se oúnjẹ, pé kó gbé omi sórí gbogbo tábìlì, kó sì se ẹ̀fọ́ tó pọ̀ pẹ̀lú ẹja. Sàfúrátù kọ́kọ́ kọ̀. Ó ní àwọn ènìyàn á sọ pé ọwọ́ bàbá ìyàwó ò ká ìnáwó. Jemima ló là wọ́n: mínírà á wà, omi náà á sì wà, kí kálukú mú èyí tó bá fẹ́. Ẹ̀fọ́ ló kọ́kọ́ tán lọ́jọ́ náà, àwọn àgbà kan sì rán ọmọ wá béèrè bóyá ó ṣẹ́kù.

Akínṣọlá jókòó pẹ̀lú àna rẹ̀, ó jẹ tirẹ̀ tán ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Lẹ́yìn náà ló wo ọ̀ọ́kán, ó rí Ajíbọ́lá, oní-fọ́tò tó gbéṣẹ́ fún lọ́jọ́ náà, tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú oòrùn láti àárọ̀. Ó dìde, ó lọ fà á lọ́wọ́ wá sábẹ́ ìbòòji, ó ní kó gbé kámẹ́rà sílẹ̀ ná, kó wá jẹun.