Àgbá Tó Kún fún Òkúta

Kì í ṣe oyè ni wọ́n fi í jẹ o, bí wọ́n ṣe ń pè é ní Bàbá Ìsàlẹ̀. Abẹ́ ilẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́, nínú yàrá tútù kan tí wọ́n to àgbá wáìnì sí lọ́tùn-ún lósì. Ogójì ọdún ló lò níbẹ̀. Bó bá ń bọ̀ lọ́nà, òórùn ọtí ló máa ń ṣáájú rẹ̀ dé, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀mùtí.

Òkè ni ìyàwó rẹ̀ ní tiẹ̀ wà, nínú oko àjàrà. Obìnrin kúkúrú ni, ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Ìlà mẹ́ta tó wà ní ìpẹ̀kun oko ni wọ́n fi lé e lọ́wọ́, nítorí kò sẹ́ni tó fẹ́ wọn: àjàrà ilẹ̀ Faransé tí wọ́n ń pè ní Kúúbù, Mánsáǹ àti Arufíàkì, orúkọ tí ọ̀pọ̀ ọmọ Faransé pàápàá kò gbọ́ rí. Wáìnì funfun tí wọ́n ń fi wọ́n ṣe kò ládùn rárá, ó sì ń ta lẹ́nu bí ọsàn tí kò tíì pọ́n. Ẹni tó bá kọ́kọ́ tọ́ ọ wò á fajú ro.

"Adùn ní í gbẹ̀yìn ewúro," ni obìnrin náà á wí. "Ẹ mu ún lẹ́ẹ̀kejì kí ẹ tó bú mi."

Ẹni tó bá mu ún lẹ́ẹ̀kejì kì í tètè gbé ife sílẹ̀ mọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, bí iṣẹ́ bá parí, obìnrin náà á sọ̀ kalẹ̀ wá, á dojú agbọ̀n dé, á jókòó lé e. Ọkọ rẹ̀ á bu ife kékeré méjì nínú àgbá, wọn á wá bẹ̀rẹ̀ asọ̀ lórí ohun tí kò tó nǹkan. Ìgbà yẹn dùn, kí a má purọ́.

Ọdún tí obìnrin náà kú ni wọ́n hú ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àgbá kan ṣoṣo ló kù nínú ọtí rẹ̀. Ọ̀gá, obìnrin tó jogún oko náà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ní kí wọ́n dà á pọ̀ mọ́ ọtí yòókù. Bàbá Ìsàlẹ̀ fi àáké kọ́rí.

"Ẹ fún mi ní ọdún méjì péré kó fi gbó dáadáa."

"Mo gbà, Bàbá. Ṣùgbọ́n bó bá fi lè kan pẹ́nrẹ́n, gọ́tà ni n ó dà á sí."

Ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn. Igi àgbá máa ń fa ọtí mu. Bí ọtí bá ti lọ sílẹ̀, afẹ́fẹ́ á wọlé, ọtí á sì kan. Irú rẹ̀ gan-an ni wọ́n fi ń kún un, irú rẹ̀ kò sì sí mọ́ nínú oko náà. Kí ni Bàbá ṣe? Ó lọ ṣa òkúta wẹ́wẹ́ létí odò, ó fọ̀ wọ́n, ó sè wọ́n, ó ń jù wọ́n sínú àgbá lọ́kọ̀ọ̀kan títí ọtí fi gòkè dé ẹnu. Àwọn òṣìṣẹ́ ní Bàbá ti ń se ọbẹ̀ òkúta.

Ọdún méjì pé. Ọ̀gá bu ọtí náà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó tọ́ ọ wò, ó fajú ro, ó tún mu ún.

"Bàbá, kò bàjẹ́ o! Ó dára gan-an!"

Bàbá jókòó. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ọ́ sínú ìgò. Ó yẹ kó kún ọ̀ọ́dúnrún ìgò, àmọ́ ní ìgò ọgọ́sàn-án ni àgbá gbẹ. Síbẹ̀ ọkùnrin mẹ́rin kò lè mì í, òkúta ti kún inú rẹ̀.

"Bàbá, ṣé òkúta ń mutí ni?" ni ọ̀gá bi í.

Bàbá wolẹ̀. "Èmi ni. Ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́. Ife méjì ni mò ń bù, ọ̀kan tèmi, ọ̀kan ti ìyàwó mi. Bí mo bá bá a jà tán, màá mu tiẹ̀ náà, torí kò fẹ́ràn kéèyàn máa fi ọtí ṣòfò."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ máa gbé èyí tó kù lọ sílé," ni ọ̀gá wí. "Tiyín ni."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún mi. Bó bá délé, n ó mu ún tán. Mi ò fẹ́ kó tán, ọ̀gá."

Ọ̀gá nu ojú rẹ̀. "Ó dáa. Ọ̀dọ̀ mi ni yóò wà. Ẹ máa wá ní Sátidé, èmi fúnra mi ni n ó máa bù ú fún yín. Ife kan péré o."

"Méjì," ni Bàbá wí.