Ìwé Tí Múnírátù Ń Fi Àdá Pín

Múnírátù alápatà ní Muṣin kì í fi ìwé ṣahun. Bí oníbàárà bá béèrè ohun tó ń kà, á fi àdá gé ibi tó ti kà tán, á dì í sínú ọ̀rá lọ́tọ̀. "Ẹ lọ kà á," á ní, "ẹ máa gbádùn ẹ̀."

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ìtàn ìyàwó tuntun tí wọ́n pa ló ń kà. Ó ku ojú ewé mẹ́ta kó mọ ẹni tó pa á. Ó gbé ìwé náà sórí tábìlì kó lè gé egungun fún obìnrin kan. Jude mẹkáníìkì, tó ti ka ìdajì ìwé náà tí Múnírátù gé fún un tán, na ọwọ́, ó ṣí ojú ewé tó gbẹ̀yìn.

"Àǹtí, àbúrò ọkọ ẹ̀ ló pa á."

Àdá tí Múnírátù ti gbé sókè fún egungun balẹ̀ sórí àtàǹpàkò Jude. Orí ìka náà fò bọ́ sáàárín ṣàkì. Jude ń ké, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ṣàn mọ́ ti màlúù, àwọn oníbàárà sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Múnírátù ò sọ pé àṣìṣe ni. Ó fa ojú ewé tó gbẹ̀yìn ya, ó fi di ojú ọgbẹ́ náà.

"Máa mú un lọ," ó ní. "O ti bá mi kà á tán."