Gbàǹja Tó Dé Kánò

Ọkọ mi, Gàfárù ará Ọ̀rányàn, kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn bá òun di gbàǹja. Ewé tútù ló máa ń tẹ́ sínú apẹ̀rẹ̀, á to obì sí i, á tún fi ewé bò ó kó má baà gbẹ. Rélùwéè ló ń bá a gbé e lọ sí Kánò, òun á sì jókòó sílé ní tirẹ̀.

Lẹ́yìn òmìnira, àwọn ọ̀gá rélùwéè ní ìnáwó ti pọ̀ jù. Wọ́n dín ọkọ̀ ẹrù kù, èyí tó ṣẹ́ kù kì í gbéra àfi tó bá kún. Gbàǹja wá ń jókòó sí téṣàn títí á fi jẹrà. Ni ọkọ mi bá lọ háyà lọ́rì, ó ní òun fúnra òun á bá ẹrù náà lọ.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé, "Bàbá Èjìdé, ẹ jẹ́ kó dá lọ. Ọ̀nà yẹn ò dáa."

"Tí n ò bá tẹ̀ lé e, dẹ́rẹ́bà á tà á, á tún fowó rẹ̀ fẹ́yàwó."

Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo di ẹ̀kọ fún un.

Lọ́rì náà dojú dé lẹ́yìn Mọ́kwà. Àwa mùsùlùmí kì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n sin ín sí. Lọ́rì mìíràn ló kó àwọn apẹ̀rẹ̀ lọ.

Oníbàárà rẹ̀ ní Kánò ránṣẹ́ bá mi kẹ́dùn. Ó ní gbàǹja náà tutù bí ẹni pé àárọ̀ ọjọ́ náà ni wọ́n dì í. Ó fẹ́ fi tù mí nínú ni. Ìgbà tí mo gbọ́ ọ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sunkún.