Ta Ló Ń Fọwọ́ Kan Ṣọ́ọ̀kì Mi?

Bí ẹnì kan bá fi ẹ̀rín kí mi kú àárọ̀, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bi ara mi ni pé kí ló fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi. Bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn. Ìyá mi máa ń sọ pé nígbà tí mo wà ní kékeré, mo máa ń ka ẹran inú ìkòkò kí n tó lọ sílé ìwé, n ó sì tún un kà tí mo bá dé. Nítorí náà, nígbà tí alùpùpù mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé mi ṣubú láìnídìí, kò pẹ́ tí mo fi fura. Ìfura loògùn àgbà, èmi sì ti ń lo oògùn náà kí n tó dàgbà.

Alùpùpù tí mò ń wí yìí, inú tẹlifíṣàn ló wà. Olùkọ́ ìṣirò ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Lálúpọn. Mo ra ẹ̀rọ géèmù àlòkù kan ní Ìbàdàn, mo sì bá géèmù ìdíje alùpùpù orí ẹrẹ̀ nínú rẹ̀. Èèyàn á gun òkìtì iyanrìn, á fò sókè, á balẹ̀ sínú àbàtà, á tún gbéra. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà tí mò ń gbà dé ilé ìwé lásìkò òjò á ní ṣé èyí tí mò ń gùn lójú ayé ò tó mi ni. Kò tó mi. Nínú géèmù, bí mo bá ṣubú, ẹrẹ̀ kì í bá mi wọlé.

Mo ní alùpùpù gidi pẹ̀lú. Òun ni mo fi ń gbé ìyàwó mi lọ sí ibùdókọ̀ láràárọ̀, torí ọjà Ṣáṣá ló ti ń ta gàrí. Àpò gàrí kan á wà níwájú mi lórí táńkì, òun á wà lẹ́yìn mi, àpò kejì á wà lórí itan rẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé kan ni wàhálà géèmù náà bẹ̀rẹ̀. Mo fò kọjá òkìtì kan tí mo ti fò láìmọye ìgbà. Bí táyà ẹ̀yìn ṣe kanlẹ̀ báyìí, ìdí alùpùpù ta sókè bí ẹṣin tí tanpẹ́pẹ́ bọ́ sí nírù, ó sì sọ mí gba iwájú lọ. Mo gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì, bákan náà. Mo rò pé pápá yẹn ló le jù, mo bọ́ sórí èyí tí iyanrìn rẹ̀ rọ̀, ó tún gbé mi dà nù. Mo ní bóyá páàdì tí mo fi ń darí géèmù ló ti ń bàjẹ́, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i, mo tún fi èyí tí mo fi pamọ́ fún àlejò dán an wò. Kò sí ìyàtọ̀. Ìgbà yẹn ni mo ṣí ibi tí wọ́n ti ń tún alùpùpù tò nínú géèmù. Wọ́n ya àwòrán ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn síbẹ̀, irin onísípíríǹgì tó ń gba ìdí èèyàn sílẹ̀ bí táyà bá já sí kòtò, nọ́ńbà sì wà lábẹ́ rẹ̀ láti oókan dé ogún. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga sí i ni sípíríǹgì ń le sí i. Mẹ́jọ ni mo fi tèmi sí, olùkọ́ ìṣirò kì í sì í gbàgbé mẹ́jọ. Mẹ́rìnlá ni mo bá níbẹ̀.

Mo dá a padà sí mẹ́jọ, alùpùpù sì tún ń balẹ̀ jẹ́jẹ́ bí adìẹ tó fò láti orí ògiri. Nígbà tó di Ọjọ́rú, mo bá a ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹnì kan ń fọwọ́ kàn án.

Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ẹni tí mo kọ́kọ́ mú lójú ni olùkọ́ ẹgbẹ́ mi kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ọ̀gbìn, tó máa ń wá bá mi gbá géèmù ní Sátidé. Mo ti nà án lọ́sẹ̀ mẹ́ta léraléra, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni pé kò dùn ún. Ẹni tí wọ́n nà tí kò dùn ún, ó ní ohun tó ń gbèrò. Nígbà tó dé ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo ní kò síná. Fáànù ń fẹ́ lẹ́yìn mi bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ó wo fáànù, ó wò mí, ó ní ó dàbọ̀. Kò wá mọ́, àmọ́ nọ́ńbà náà ò yé sún sókè.

Mo wá kọjú sí ìyàwó mi. Ó ń jọ gàrí lọ́wọ́ nígbà tí mo bi í. Ó ní òun tí òun ò ráyè họ ara, òun ni òun á wá jókòó ti alùpùpù inú tẹlifíṣàn. Ó gbé ajọ̀ sílẹ̀, ó bi mí pé ṣé ó ti wá kan òun báyìí. Mo ní rárá o. Irọ́ ni, ó sì mọ̀ pé irọ́ ni.

Ẹni tó kù nínú ilé ni bàbá rẹ̀.

Oṣù méjì ṣáájú ìgbà náà ni Bàbá yọ̀ nílé ìwẹ̀ ní Akanran, tí egungun ìbàdí wọn sì sán. Ó tó ogójì ọdún tí wọ́n fi tún alùpùpù ṣe níbẹ̀, àìmọye ọmọ iṣẹ́ ló sì gba ọwọ́ wọn kọjá. Nígbà tí kò sí ẹni tó máa tọ́jú wọn, ìyàwó mi lọ gbé wọn wá sọ́dọ̀ wa. Mo gbà, torí kò sí bí mo ṣe fẹ́ kọ̀. Àmọ́ mo mọ ohun tó wà nílẹ̀. Lọ́dún méje sẹ́yìn, nígbà tí mo fẹ́ fẹ́ ọmọ wọn, wọ́n ní àwọn ò ní fi ọmọ Mùsùlùmí fún aláṣọ funfun tó ń mi agogo. Aládùúrà ni mí lóòótọ́, agogo wa sì ń dún. Àwọn àbúrò wọn ló dúró fún wọn níbi ìgbéyàwó. Ìyàwó mi ṣì ń kírun nínú ilé mi, mi ò dí i lọ́wọ́ rí, síbẹ̀ ó dá mi lójú pé Bàbá wá ṣọ́ mi ni, kí wọ́n lè rí ẹ̀sùn kan dì mọ́ mi lẹ́sẹ̀, kí wọ́n sì mú ọmọ wọn padà lọ sí Akanran. Ẹ̀rù yẹn ni mo fi ń sùn, òun ni mo fi ń jí.

Ẹ̀rí ò sì wọ́n mi. Láràárọ̀, bí mo bá ti ń gbé ìyàwó mi jáde, Bàbá á ti wà lójú fèrèsé. Wọn kì í juwọ́ sí wa. Wọ́n á kàn máa wò wá títí a ó fi kọjá kòtò iwájú ilé, wọ́n á mi orí, wọ́n á wọlé. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mò ń bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé, mo gbọ́ tí wọ́n ń bi ọmọ wọn pé, “Ṣé ẹ̀yìn ò dùn ọ́?” Ìyàwó mi ní kò dun òun. Bí mo ṣe wọlé ni àwọn méjèèjì panu mọ́. Ta ni wọ́n ń bi bóyá ẹ̀yìn ń dùn ún, bí kì í bá ṣe obìnrin tí wọ́n rò pé ọkọ rẹ̀ ń lù? Mi ò gbé ọwọ́ sókè sí i rí. Inú bí mi débi pé mi ò lè jẹun tán.

Èmi náà ò fi ohunkóhun hàn wọ́n. Nígbà tí ìdí alùpùpù gidi bẹ̀rẹ̀ sí í dún, mo tì í kọjá níwájú wọn lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì oríta. Bí mo bá gbé e dé, ó tún ń dún, n ó tún tì í lọ.

Ní ti géèmù, mo ṣe é bí ẹni tó mọ ìṣirò. Mo ń kọ ọjọ́ àti nọ́ńbà sẹ́yìn ìwé tí mo fi ń múra iṣẹ́ sílẹ̀. Mo fi sí mẹ́ta, mo bá a ní mẹ́tàlá. Mo fi sí mẹ́wàá, mo bá a ní mẹ́rìndínlógún. Ṣọ́ọ̀kì iwájú wà bí mo ṣe fi í sílẹ̀. Ti ẹ̀yìn nìkan ni ẹni náà ń mú le, kò sì dẹ̀ ẹ́ rí lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó fẹ́ ba nǹkan jẹ́ á máa yí i síwá sẹ́yìn ni. Ó yẹ kí n dúró ro ìyẹn dáadáa, àmọ́ ẹni tó ti mọ olè tó fẹ́ mú kì í fẹ́ rò mọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, atẹ́gùn ṣí òrùlé kíláàsì méjì ní ilé ìwé wa, wọ́n sì ní ká tú àwọn ọmọ sílé lọ́sàn-án. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn, torí alùpùpù wà lóríta. Kò sẹ́ni tó gbọ́ mi nígbà tí mo dé. Láti ojú fèrèsé, mo rí Bàbá lórí àga mi, ọ̀pá wọn wà láàárín ẹsẹ̀, páàdì mi wà lọ́wọ́ wọn. Àwòrán ṣọ́ọ̀kì ló wà lójú tẹlifíṣàn. Wọn ò gbá géèmù kankan. Wọ́n kàn ń tẹ nọ́ńbà sókè, wọ́n ń dúró, wọ́n ń wo sípíríǹgì náà bí ẹni ń wo ojú ọgbẹ́.

Mo wọlé, mo ní ẹ kú ilé. Mo rò pé wọ́n á ta gìrì. Wọ́n ní káàbọ̀, wọn ò tilẹ̀ gbé páàdì sílẹ̀.

“Bàbá, ẹ̀yin lẹ ń fọwọ́ kàn án látijọ́ yìí?”

“Èmi ni. Ó rọ̀ jù. Kò lè gbé èèyàn méjì.”

Mo ṣàlàyé fún wọn pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń gùn ún, pé kò sẹ́ni tó ń jókòó sẹ́yìn nínú ìdíje, pé líle tó le yẹn gan-an ló ń gbé mi ṣubú. Wọ́n gbọ́ mi tán. Wọ́n bi mí pé alùpùpù tí ò gbé èrò, kí ló wá ń sáré lọ ṣe. Ní Akanran, wọn ò tún alùpùpù ẹlẹ́nìkan ṣe rí láyé wọn.

Mi ò rẹ́rìn-ín. Gbogbo ohun tó ti wà nínú mi fún oṣù méjì ló fẹ́ jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo fi ṣẹ̀ yín?”

Wọ́n ní, “Láràárọ̀ tẹ́ ẹ bá dé kòtò iwájú ilé yẹn, mò ń gbọ́ ọ. Irin ń kan irin. Ṣọ́ọ̀kì rẹ ti kú, ọmọ mi ló sì wà lórí ẹ̀. Mo bi í bóyá ẹ̀yìn ń dùn ún, ó ní kò dùn ún, ṣùgbọ́n ó ń mú u dání tó bá ń dìde. A kì í na ọwọ́ sí alùpùpù tí wọn ò gbé wá bá wa. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn, bí mo ṣe kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ mi náà nìyẹn. O sì ń tì í kọjá níwájú mi lọ oríta.” Wọ́n fi páàdì tọ́ka sí tẹlifíṣàn. “Èyí nìkan lọwọ́ mi tó.”

Ojú tì mí. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ohun tí mi ò lè sọ fún wọn, tí mi ò tíì sọ fún ìyàwó mi títí dòní, ni ìdí tí mi ò fi gbé alùpùpù náà fún wọn. Ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má lọ tú bóòtù kan sílẹ̀ nídìí rẹ̀. Èmi olùkọ́ ìṣirò, mo ro ìrònú yẹn fún oṣù méjì, n kò sì rántí pé ọmọ wọn ló ń jókòó sórí rẹ̀.

Mo dìde, mo lọ sí oríta, mo ní kí mẹkáníìkì má fọwọ́ kàn án mọ́, mo sì tì í padà nínú oòrùn. Lójú ọ̀nà, mo pe olùkọ́ ẹgbẹ́ mi lórí fóònù, mo ní iná ti dé. Ó ní òun mọ̀ pé kò lọ.

Nígbà tí mo délé, Bàbá ti jáde sí ìta, wọ́n jókòó sórí àpótí. Mo gbé alùpùpù dúró níwájú wọn. Wọn ò nawọ́ sí i. Ọwọ́ wọn méjèèjì wà lórí orúnkún, wọ́n ń wò mí. Ó ṣe díẹ̀ kí ó tó yé mi.

Mo dọ̀bálẹ̀. “Bàbá, mo gbé e wá bá yín. Ẹ bá mi wò ó.”

Wọ́n ṣí fìlà wọn, wọ́n fi kọ́ orí ọ̀pá. Wọ́n sọ ohun tí n ó tú, mo tú u. Wọ́n sọ irú ṣọ́ọ̀kì tí n ó lọ rà, mo lọ rà á. A tò ó padà tán, mo rò pé iṣẹ́ ti parí. Wọ́n ní kò tíì parí, pé àwọn ò lè mọ bó ṣe yẹ kó le tó láìjẹ́ pé ọmọ àwọn dé. A jókòó dè é títí ọkọ̀ Ṣáṣá fi já a sílẹ̀.

Bàbá ní kí n gun alùpùpù, kí n fẹsẹ̀ kanlẹ̀, kí ìyàwó mi gun ẹ̀yìn mi. Ó gùn ún, ó ń wojú mi pé kí ló ṣẹlẹ̀. Wọn ò wá síbi ìgbéyàwó wa, wọn ò gba fọ́tò rẹ̀ lọ́wọ́ wa rí, àwa náà rèé, a jókòó tira wa níwájú wọn. Wọ́n ti ìka mẹ́ta bọ àárín táyà àti irin orí rẹ̀ láti mọ ibi tí ṣọ́ọ̀kì rọlẹ̀ dé, wọ́n sì gbé ojú sókè sí ọmọ wọn.

“Di ọkọ rẹ mú dáadáa, kí n lè mọ bí ẹ̀yin méjèèjì ṣe wúwo tó.”