Àmín Tí Wọ́n Kà Sí Ìbò

Àmín ẹnu wa ni wọ́n fi jí ìbò wa gbé.

Ìgbà tí owó epo já wálẹ̀ ní Calgary ni, tí ìwé layoff ń bọ́ lé wa lórí bíi snow. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n dá èmi, Nádíà àti Tamar dúró ní ọ́fíìsì wa ní Beltline. Ọmọ Palẹ́sínì ni Nádíà. Kọ́kọ́rọ́ ilé tí wọ́n ti lé ìyá rẹ̀ àgbà jáde ṣì wà lọ́wọ́ ìdílé rẹ̀. Ọmọ Ísírẹ́lì ni Tamar. Bàbá rẹ̀ àgbà nìkan ló ṣẹ́kù nínú agbo ilé wọn nígbà ìpakúpa àwọn Júù, kó tó sá dé ilẹ̀ kan náà. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi ń jiyàn ilẹ̀ yẹn nídìí oúnjẹ ọ̀sán, ẹnìkankan ò sì torí ẹ̀ kúrò nídìí tábìlì.

Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá sọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà níwájú ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá wa. Nádíà wò mí. "Ṣé àwọn èèyàn rẹ á gbọ́ mi tán?"

Mo fọwọ́ sọ̀yà. "Wọ́n á gbọ́ ọ tán, wọ́n á tún bu oúnjẹ fún ọ."

Bí mo ṣe gbé àbá náà wá sí ìpàdé ọ̀sán Sátidé nìyẹn, ní gbọ̀ngàn tí à ń lò ní Castleridge. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ òní, ẹ ò tíì rí ìpàdé! Dàpọ̀, ẹnjiníà tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ òun náà, ló kọ́kọ́ ta ko àbá mi. Ó kọjú sí Àǹtí Mọ̀rílíátù, nọ́ọ̀sì tó ti àdúgbò Cranston wá nínú aṣọ iṣẹ́, tó ń gbè mí lẹ́yìn.

"Àǹtí mi, èèyàn tí wọ́n lé láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n fẹ́ run tán, ibo lẹ ní kó lọ? Ilẹ̀ baba rẹ̀ ló padà sí. Ọmọ tó lọ sájò kì í pàdánù ìpín ẹ̀ nínú ilẹ̀ ìdílé. Àbí ẹ ti fi ilẹ̀ yín n'Ìjẹ̀bú ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ?"

Gbọ̀ngàn hó yèè.

"Mi ò fi ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ! Ṣùgbọ́n tí mo bá dé, tí mo bá àwọn tó ti ń gbé ibẹ̀ láti ayé baba-ńlá wọn, ṣé màá kó ẹrù wọn síta ni? Ká ní ìwọ ni wọ́n lé, Dàpọ̀, á dùn mí. Ṣé ìyẹn ló wá ní kó o lé èmi?"

"Aunty, you don finish am!" Ẹnìkan ló pariwo lẹ́yìn.

Dàpọ̀ ò jókòó. "Nílé, tí ẹjọ́ ilẹ̀ bá le, àwọn àgbà á béèrè pé òkú ta ló wà níbẹ̀. Òkú àwọn baba Tamar wà níbẹ̀."

"Ti Nádíà náà wà níbẹ̀," Àǹtí Mọ̀rílíátù dá a lóhùn.

Ohùn Dàpọ̀ yí padà. "Tí òkú àwọn méjèèjì bá wà nínú ilẹ̀ kan náà, ta ló máa ní kí ẹnìkan wá hú tiẹ̀ lọ? Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá." Ló bá nawọ́ ìbò sókè, òun tó ń ta kò mí!

Orí mi wú. Ọwọ́ ń lọ sókè lọ́tùn-ún lósì. A ò pé ogójì nínú gbọ̀ngàn, Àǹtí Mọ̀rílíátù sì ti ka ọwọ́ dé mẹ́tàlélógún nígbà tí Ẹ̀gbọ́n Alága, tí àbá yìí ò dùn mọ́ nínú láti ìbẹ̀rẹ̀, dìde.

"Ẹ̀yin ará, snow ń pọ̀ sí i. Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà."

Ta ló máa nawọ́ ìbò sókè lẹ́yìn tí àgbà ti ní ká gbàdúrà? Ọwọ́ wálẹ̀, ojú dì, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì.

"Ọ̀rọ̀ tó máa tú wa ká, Ọlọ́run má jẹ́ kó wọ gbọ̀ngàn yìí mọ́!"

"Àmín!"

Tèmi ló tilẹ̀ ròkè jù. Mo rò pé a máa padà sórí ìbò. Ká tó lajú, Alága ti ń wọ ẹ̀wù òtútù rẹ̀.

Nípàdé tó tẹ̀ lé e, akọ̀wé ka àkọsílẹ̀ sétí wa: "Gbogbo ilé fohùn ṣọ̀kan pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà kò gbọdọ̀ wọ gbọ̀ngàn yìí mọ́."

Mo fò dìde. "Irọ́ ni! Ìbò là ń kà lọ́wọ́!"

"Àbúrò," Alága rẹ́rìn-ín músẹ́, "ṣé o ṣe Àmín àbí o ò ṣe?"

"Mo ṣe, sà, ṣùgbọ́n..."

"Ó parí."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mo jókòó. Ìjókòó yẹn ṣì ń dùn mí.

Mo bẹ Nádíà kó jẹ́ ká ṣe é nílé Àǹtí Mọ̀rílíátù. Ó ní, "Wọ́n fi àdúrà tì mí síta, o wá fẹ́ kí n gba ẹ̀yìnkùlé wọlé?" Tamar ní láìsí Nádíà, òun ò sọ̀rọ̀. Kí snow tó yọ́, Nádíà ti kó kúrò ní Calgary.

A jèrè díẹ̀: òfin ẹgbẹ́ ti wá sọ ọ́ báyìí pé kíka ìbò ló ń ṣáájú àdúrà. Dàpọ̀ àti Àǹtí Mọ̀rílíátù ṣì ń bá iyàn náà lọ, wọn ò sì túká. Ṣùgbọ́n irọ́ yẹn ṣì wà nínú ìwé ẹgbẹ́, orúkọ mi sì wà lára "gbogbo ilé".

Ẹ̀gbọ́n Alága, mo kí yín, sà. Ọwọ́ mélòó lẹ rí kí ẹ tó pàṣẹ pé ká dijú? Akọ̀wé, ta ló ní kó o kọ Àmín sílẹ̀ bí ìbò? Ta nínú ẹ̀yin méjèèjì ló máa pe Nádíà, kó sọ fún un pé a nawọ́ fún un? Ẹ dáhùn. Ẹ má tún ní ká gbàdúrà.